Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Ẹ̀rọ Afèsì: Àyẹ̀wò Èrè àti Ewu Ẹ̀rọ Tuntun fún Lítíréṣọ̀ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ChatGPT síta. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá ti gba ẹnu olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn kan ń sọ pé ìgbàlà dé fún èdè tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn mìíràn ń sọ pé òpin dé bá iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí á fi ojú lámèyítọ́ wo ẹ̀rọ tí ń kọ Yorùbá, kí á fi í wé àwọn ẹ̀rọ tí ó ti bá ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìwé wa pàdé rí, kí á sì wá ìdíwọ̀n tí a lè fi ya èrè rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ewu rẹ̀.

Èrò wa ni pé ìdíwọ̀n náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Adùn ọ̀rọ̀ kò tó fi ṣe ìdíwọ̀n, nítorí pé irọ́ náà a máa dùn. Ìbéèrè tí àwọn oníjàálá máa ń bi ara wọn ní agbo ni a ó bi ẹ̀rọ yìí: Níbo ni o ti gbọ́ ọ?

2. Orúkọ Ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá fara balẹ̀ wo orúkọ tí àwọn baba wa àti àwọn ẹgbẹ́ wa sọ ẹ̀rọ, a ó rí i pé àwọn tí ó sọ ẹ̀rọ lórúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1935 ni rédíò onígbohùn inú wáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àpótí tí a kàn mọ́ ògiri ni, wáyà ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí a ó rí ni a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ẹni tí ó bá kà á wéré lè rò pé àpèjúwe lásán ni. Ṣùgbọ́n ní àwùjọ tí ọ̀rọ̀ ti jẹ́ àsọgbà, tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa hùn, kí ó máa ní 'bẹ́ẹ̀ ni', kí ó sì lè ní 'rárá o', ẹ̀gàn ni kí á sọ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ kò gba èsì. Orúkọ náà ń yin ẹ̀rọ, ó sì ń bù ú kù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní ayára-bí-àṣá. Eré àṣá ni a fẹ́ yìn. Àmọ́ ẹni tí ó bá ń sin adìẹ mọ̀ pé òròmọdìẹ ni àṣá ń fi eré náà gbé. Ayélujára ńkọ́? Ayé ti lu jára wọn, ihò sì ti wà láàrin ilé kan àti ìkejì. Ihò tí àlejò rere gbà wọlé ni olè náà lè gbà. A kò sọ pé ẹni tí ó ṣẹ̀dá àwọn orúkọ wọ̀nyí ro gbogbo èyí kí ó tó la ẹnu. Èdè náà ni ó rò ó fún un.

Ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tíì ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. 'Ọgbọ́n àtọwọ́dá' tí a ń kọ sínú ìwé, ìtumọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò ti ẹnu ọlọ́jà wá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ̀rọ afèsì ni a ó máa pè é, nítorí ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò lè ṣe ni ó ń ṣe. A bi í, ó dáhùn. Ó dà bí ẹni pé àbùkù tí àwọn baba wa rí lára rédíò ti kúrò nílẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ta ni ó ń fèsì?

3. Àwọn Ẹ̀rọ Àtijọ́ àti Ọ̀rọ̀ Wa

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yóò bá ọ̀rọ̀ Yorùbá pàdé. Ní 1859, ní Abẹ́òkúta, ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ní 1875 ni wọ́n pàdé ní Èkó láti jíròrò lórí àkọtọ́. Ní 1884 ni odindi Bíbélì wà ní èdè Yorùbá. Èrè ńlá ni èyí, àwa olùkọ́ ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí ara rẹ̀ ni a ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n a san nǹkan fún un. Èdè inú ìwé gba àwọ̀ Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá jù. Ẹ̀ka-èdè Èkìtì, Oǹdó, Ìjẹ̀bú àti àwọn mìíràn dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Títí di òní ni ọmọ Èkìtì ń jókòó nínú kíláàsì tí a ń sọ fún un pé èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ kì í ṣe èyí tí à ń kọ.

Ìwé ìròyìn náà ni ó bí àpẹẹrẹ tí ó wúlò jù lọ fún ọ̀rọ̀ wa. Láàrin 1929 àti 1930, I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ka ìtàn ayé rẹ̀ láti orí àkéte àìsàn, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé ó wà láàyè. Kò sí obìnrin kankan. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní 1930 ni ó di ìwé, àwọn onímọ̀ sì kà á sí ara àwọn ìtàn àròsọ tí ó kọ́kọ́ jáde ní Yorùbá. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún wa pé ohùn tí kò ní ara jẹ́ ohun tuntun, a ó fi Sẹ̀gilọlá dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Sẹ̀gilọlá ní olówó. Akéde Èkó ní olóòtú, olóòtú náà ní orúkọ àti ilé-iṣẹ́ ní Èkó, ẹni tí inú bá bí lè lọ bá a níbẹ̀. Ayédèrú ohùn ni, ṣùgbọ́n ènìyàn kan ni ó ru ẹrù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí ó jáde ní 1966, jẹ́ kí á mọ̀ pé agbo oníjàálá kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti lè sọ ohun tí ó bá wù ú. Bí oníjàálá kan bá ṣi oríkì kì, tàbí tí ó fi ìtàn ìran kan sí ìdí ìran mìíràn, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò dá a dúró, yóò sì tún un ṣe. Ẹni tí a dá dúró lè gbà, ó sì lè jà á, kí ó ní bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ó ní ọ̀gá tí ó lè dárúkọ. Nígbà tí ìjálá àti ewì bọ́ sórí rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n dé ilé tí ẹsẹ̀ oníjàálá kò lè dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá a dúró kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí ó kù fún wa ni orúkọ tí ó wà lára àwo náà. Nígbà tí Ọlátúnbọ̀sún Ọládàpọ̀ tàbí Láńrewájú Adépọ̀jù bá sọ̀rọ̀, gbogbo ayé mọ ẹni tí ó sọ ọ́.

Kókó tí a fà yọ nínú èyí ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan wá, ó sì gba nǹkan lọ. Ohun tí kò gbà lọ rí títí di àkókò tiwa ni olóhùn.

4. Bí Ẹ̀rọ Afèsì ṣe ń Rí Ọ̀rọ̀ Sọ

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ afèsì kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ jọ. Ẹ̀rọ náà ṣírò irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, ìṣirò yẹn ni ó fi ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí gbólóhùn yóò fi pé. Ìdí nìyí tí gbólóhùn rẹ̀ fi lè gún régé kí ohun tí ó sọ má sì rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, àwọn kan lára wọn ti ń wo íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n sì ń tọ́ka sí ojú ewé tí wọ́n wò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n lè tọ́ka sí, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Yorùbá mọ̀ ni kò sì sí níbẹ̀.

Kí ni ó wà níbẹ̀? Fún ọdún púpọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú Yorùbá tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ ẹ̀rọ ni Bíbélì àti ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Ní 2021 ni David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkójọ MENYO-20k jáde, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì àti ìtumọ̀ Yorùbá wọn tí ó lé díẹ̀ ní ọ̀kẹ́ kan, tí ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ ti jẹ yó yóò mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí a ti máa ń rí i lórí fóònù: Ade ra oko. Kí ni Adé rà? Ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ́, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó tún lè jẹ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Kò sí àmì ẹyọ kan nínú Unicode tí ó dúró fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ègé méjì ni à ń so pọ̀, ìnira yìí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pa àmì tì. Ohun tí a bá pa tì, ẹ̀rọ kò ní rí i kọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ìlù dùndún náà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀, síbẹ̀ à ń gbọ́ ọ. Òtítọ́ ni. Ohùn ni dùndún mú, ó fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì sílẹ̀. Àwa tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ni a mú, a fi ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àyàn mọ̀ pé ohun tí òun mú kò tó. Ìdí nìyí tí ó fi ń lo òwe àti oríkì tí etí ti mọ̀, tí ìtumọ̀ wọn kò lè sọnù. Olùlù ń ro ti olùgbọ́. Ẹ̀rọ kì í ro ti ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń mú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù.

5. Èrè

Bí a ti sọ èyí, a kò gbọdọ̀ bo èrè mọ́lẹ̀. Láti ọdún pípẹ́ ni Túndé Adégbọlá àti ilé-iṣẹ́ Alt-i ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè gbọ́ Yorùbá, kí ó sì lè kọ ọ́. Ní 2018 ni Iroro Orife tẹ ìwádìí jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì ohùn padà sórí ọ̀rọ̀ tí a kọ láìfàmì sí. Olùkọ́ tí ó ti jókòó fàmì sí ogójì ojú ewé rí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹ̀rọ bá fi èyí tí ó pọ̀ jù síbẹ̀, tí olùkọ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀sẹ̀ kan lè di ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè yóò jẹ́ kí afọ́jú lè ka ìwé ìtàn Yorùbá láìdúró de ẹni tí yóò kà á fún un. Láti ìparí 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá; bí ìtumọ̀ náà tilẹ̀ ń ṣe ségesège, ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò ní olùkọ́ Yorùbá ní àdúgbò rẹ̀, ti rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wọ́pọ̀. Ènìyàn wà níbẹ̀ tí ó lè wo iṣẹ́ ẹ̀rọ kí ó sọ pé 'ó rí bẹ́ẹ̀' tàbí 'kò rí bẹ́ẹ̀'. Bí ẹ̀rọ bá fi àmì òkè sí ibi tí ti ìsàlẹ̀ yẹ, olùkọ́ yóò rí i.

6. Ewu: Ọ̀rọ̀ Oríkì Kan

Ewu bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò rí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ni a ó fi ṣe àlàyé.

A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú oríkì orílẹ̀ ilé rẹ̀ wá. Ọmọbìnrin kan mú ojú ewé kan wá, tí a fi kọ̀ǹpútà tẹ̀, tí àmì rẹ̀ sì pé ju ti ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń rà lọ́jà. Oríkì náà kún fún adé, ìlẹ̀kẹ̀ àti ààfin. Àmọ́ ọmọ Ìkòyí ni ọmọ yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì Ìkòyí rí mọ̀ pé ogun ni wọ́n fi ń kì wọ́n: ọfà, òkú ojú ogun, àti igún tí ń retí. A bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ ni ó bá òun kọ ọ́. A kò nà án, a kò sì bú u. A ní kí ó pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó kà á fún un. Ó pè é, ó kà á tán. Ìyá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi í pé, 'Ta lò ń kì yẹn?'

A kò rò pé lámèyítọ́ kankan lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Àléébù àkọ́kọ́ ni pé oríkì náà kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó lè jẹ́ ti ilé èyíkéyìí. Oríkì orílẹ̀ kì í jẹ́ ti ilé èyíkéyìí. Bí a bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, a ó mọ ilé tí wọ́n ń kì. Èkejì, ìyìn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Oríkì gidi a máa ní ìjà, gbèsè, àbùkù ara àti ọ̀rọ̀ tí ará ilé nìkan mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kì í mọ ilé náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè bù ú kù láìjẹ̀bi. Ẹ̀kẹta, àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ ń rìn bíi Gẹ̀ẹ́sì. Ibì kan ní àwọn baba ńlá náà 'kó ipa pàtàkì nínú ìdàgbàsókè ìlú'. Akígbe wo ni ó ki ènìyàn báyìí rí?

Àléébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, olùkọ́ lè rí wọn. Èyí tí ó bà wá lẹ́rù wà níwájú. Nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó dé ibì kan, kò rántí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó mọ ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n náà sì ti kú. Àlàfo wà níbẹ̀ báyìí. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ afèsì ń bá wa dí kíákíá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sọ pé òun kò gbọ́. Yóò wá ohun tí ó jọ ọ́ fi síbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ti àtẹ̀yìnwá yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí wọ́n bá ṣe lọ́la yóò sì kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí Yorùbá sọ. Ní ọjọ́ náà, bí a bá bi ẹ̀rọ pé níbo ni ó ti gbọ́ ọ, yóò ní ojú ewé tí yóò tọ́ka sí. Irọ́ yóò ti ní baba.

7. Kí ni Kí Olùkọ́ Ṣe?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí á fi òfin dè é. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà lápò akẹ́kọ̀ọ́, òfin wa kò sì dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí á fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. A kò gba èyí náà. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí ti mú tó, ọwọ́ wa ni èkù rẹ̀ wà. Ohun mẹ́rin ni a dá lábàá.

Èkíní, kí gbogbo iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú wá ní orúkọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Èkejì, kí àwa fúnra wa máa fàmì sí ohun tí a bá tẹ̀, títí kan ìbéèrè ìdánwò àti ìwé ìpàdé. A kò lè máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi nítorí àmì tí àwa olùkọ́ kò fi sí i. Ẹ̀kẹta, kí á gbé Yorùbá ẹ̀rọ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún ṣe. Ọmọ tí ó bá lè fi ìka sí ibi tí gbólóhùn ti ń rìn bíi Gẹ̀ẹ́sì ti di lámèyítọ́. Ẹ̀kẹrin, bí a bá gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí á má fi í fún ilé-iṣẹ́ kankan láìjẹ́ pé a sọ fún àgbà náà ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, tí ó sì gbà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé títẹ̀, rédíò àti àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mú èrè wá fún ọ̀rọ̀ Yorùbá, wọ́n sì gba nǹkan lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi olóhùn sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀rọ afèsì ni ó kọ́kọ́ ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní olóhùn. Níbi tí ènìyàn bá wà tí yóò dáhùn fún ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí á lò ó láìbẹ̀rù. Níbi tí kò bá sí, kí á dá a dúró bí oníjàálá ṣe ń dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ tún iṣẹ́ náà mú wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìlà mọ́kànlá péré ni, ọwọ́ ni ó fi kọ ọ́, àmì rẹ̀ kò sì pé tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìlà keje, ó fi àyè sílẹ̀, ó sì kọ síbẹ̀ pé: 'Ìyá àgbà gbàgbé ibí yìí.' Máàkì tí a fún un fún àyè tí ó fi sílẹ̀ náà kò kéré sí èyí tí a fún un fún ìlà mọ́kẹ̀ẹ̀kànlá.